Ọdún Mẹ́sàn-án Tí Wọ́n Fi Ń Pè É Ní Ìyàwó

Nínú ẹgbẹ́ wa ní London níbí, orúkọ ọmọ la fi ń pe obìnrin: Ìyá Tóyìn, Ìyá Káyọ̀dé, Ìyá Ìbejì. Odindi ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń pe aya mi ní "Ìyàwó wa". Kò sẹ́ni tó fi bú u. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé, a kì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi délé.

Ọdún 2009 la ṣègbéyàwó. Wọ́n ní ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní, gbogbo gbọ̀ngàn sì ṣe àmín. Nígbà tó di ọdún kẹta, ìyá mi fi àgbo ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde, aya mi nìkan ni kó mu ún. Òun nìkan náà ló ń lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán ilé-ọmọ rẹ̀, wọ́n wò ó bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dí. Wọn ò rí nǹkan kan. Èmi ní tèmi ń sọ pé ara mi le, pé kò sí irú rẹ̀ nílé bàbá mi. Ọdún karùn-ún ni mo tó gbà kí wọ́n yẹ àtọ̀ mi wò, àyẹ̀wò tí kò gbà ju ike kékeré kan lọ. Irúgbìn inú rẹ̀ kéré jọjọ. Ẹrù mi ni obìnrin yẹn ti ń rù láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbọ́ o: ní bí ìdajì àwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ, ọ̀rọ̀ náà kan ọkùnrin, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú aya rẹ̀. HFEA, àjọ tó ń mójú tó ìtọ́jú àwọn tó ń wá ọmọ ní UK, sì sọ ní 2021 pé àwa adúláwọ̀ ń pẹ́ ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ IVF, ìtọ́jú tí wọ́n ti ń so ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ irúgbìn ọkùnrin lẹ́yìn ara.

Ìtọ́jú wà. Láti 1992 ni wọ́n ti ń fi ICSI, irú IVF kan, bímọ: dókítà á mú ẹyọ irúgbìn ọkùnrin kan ṣoṣo, á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tì í sínú ẹyin. Ọ̀nà tiwa nìyẹn.

Owó ló le. NICE, àjọ tó ń gba NHS, ètò ìlera ìjọba, nímọ̀ràn, dábàá IVF ẹ̀ẹ̀mẹta fún obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún tó ti ń wá ọmọ fún ọdún méjì. Àmọ́ ní England, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í san ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n san fún wa. Oyún náà kò dúró. Owó tí a fẹ́ fi ra ilé la fi ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló di ọmọbìnrin wa. Tọkọtaya kan wà tí a jọ máa ń jókòó dúró de dókítà, Yorùbá bíi tiwa. Owó wọn tán lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò wá síbi ìsọmọlórúkọ wa, mi ò sì bínú.

Ẹgbẹ́ wa ní àpò ìsìnkú. Òun ló gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi délé, mi ò lè gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí a dá àpò kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń wá ọmọ náà. A ò lágbára àtisan gbogbo owó IVF, ṣùgbọ́n a lè dá sí owó oògùn, kí a sì jọ kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò wa lórí ẹ̀ẹ̀mẹta tí NICE dábàá. Orúkọ ẹni tó bá gbà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu akápò. Màá gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Igba pọ́n-ùn tèmi ti wà nílẹ̀.

Kó tó dìgbà náà, mo bẹ̀ yín: ẹ bi obìnrin tí kò tíì bímọ léèrè orúkọ tó fẹ́ kí a máa pe òun.