Ibi Tí Bàtà àti Gẹ̀ẹ́sì Ń Dúró Sí

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ẹlẹgbẹ́ wa, ìbéèrè tí ẹ máa ń bi èmi àti ọkọ mi, Bàbá Akin, nípa Kòríà tí a ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì kò ju méjì lọ: èló ni wọ́n ń san fún yín, ṣé òótọ́ sì ni pé ọ̀fẹ́ nilé? Owó náà ń bọ́ wa, ó sì ń ṣẹ́kù díẹ̀ láti fi pamọ́. Òótọ́ ni ti ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo tí ibi ìdáná wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń rí gbà. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi wá bí a ṣe ń tọ́ ọmọ níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti ìwé. E-2 ni wọ́n ń pe físà olùkọ́ èdè. Orílẹ̀-èdè méje ni ìjọba Kòríà Gúúsù kà sí onígẹ̀ẹ́sì: Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti South Africa. Èèyàn gbọ́dọ̀ ní oyè yunifásítì, kó sì mú ìwé ọlọ́pàá wá pé òun kò jẹ̀bi ọ̀ràn kankan rí. Nàìjíríà ò sí lára àwọn méje náà. Peckham ní London ni èmi àti ọkọ mi ti dàgbà, ìwé ìrìnnà Bìrìtéènì la mú lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Abẹ́òkúta títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, tí wọ́n mọ gírámà jù mí lọ fíìfíì, wọn ò lè rí físà yẹn gbà. Ó ń dùn mí.

Daegu là ń gbé. Ooru ìlú náà pọ̀ débi pé àwọn ará Kòríà fúnra wọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Daefrica. Bàbá Akin ń kọ́ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, láti aago 8:30 àárọ̀ di 4:30 ìrọ̀lẹ́. Èmi wà ní hagwon, ìyẹn lẹ́sìnnì tí òbí ń sanwó rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ń lọ nígbà tí iléèwé bá jáde. Bí òun ṣe ń bọ̀ nílé lèmi ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Àárín wa, ìyá àgbà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń bá wa mú Akin.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyá yìí tí wọ́n pọn ọmọ mi, ẹnu yà mí. Wọ́n ní ọ̀já! Podaegi ni wọ́n ń pè é, aṣọ tó nípọn tó ní okùn gígùn, ẹ̀yìn ni ọmọ sì ń wà bíi tiwa. Àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́, àpò ìgbọ́mọ tí wọ́n ń so mọ́ àyà ni wọ́n ń rà. Orúkọ mi ní àdúgbò náà ni Akin eomma, Ìyá Akin, bí wọ́n ṣe ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Peckham. Kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ àbísọ mi.

Ohun tí à ń pariwo lé lórí nínú ilé ní London, ìta ló ń bá wa kọ́ ọ ní Daegu. Ọwọ́ méjì ni ọmọ fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ṣíbí nídìí oúnjẹ. Tí olùkọ́ bá ń bá ọmọ wí tí ọmọ sì wolẹ̀, wọn ò ní í sọ pé ó ń fi nǹkan pa mọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń sọ nípa àwa náà ní kékeré.

Àmọ́ ìtẹríba tiwọn kì í ṣe tiwa. Akin bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí ba bíi tiwọn fún màmá mi lórí fóònù. Màmá ní, “Akin, ṣé ọrùn ló ń dùn ẹ́ ni?” Ọdún tuntun wọn, Seollal, ló gbà wá, torí ọjọ́ yẹn ni ọmọ máa ń kúnlẹ̀, tó sì máa ń tẹ orí ba sílẹ̀ fún àwọn àgbà, tí wọ́n á sì fún un lówó. Bàbá Akin ní, “O rí i? Bí a ṣe ń kí ìyá àgbà nìyẹn.” Láti ìgbà náà ni ọmọ ti ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú fóònù, tó ń na ọwọ́ méjèèjì fún owó.

Gẹ̀ẹ́sì lọ̀rọ̀ mi dá lé. Òun là ń tà, mo sì rí ohun tó ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á wọlé sí kíláàsì mi lálẹ́, lẹ́yìn lẹ́sìnnì ìṣirò, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Ní Seoul, ìjọba ní láti ṣòfin pé kí hagwon tì ní aago mẹ́wàá alẹ́. Lọ́jọ́ Suneung, ìdánwò àtiwọ yunifásítì tó máa ń wáyé nínú oṣù kọkànlá, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú gbéra tàbí kó balẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 35, kí ariwo má bàa dí àwọn ọmọ lọ́wọ́ níbi Gẹ̀ẹ́sì àgbọ́yé. Odidi orílẹ̀-èdè á dákẹ́ nítorí Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ìyá àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bi mí ní èdè tí mo ń bá ọmọ mi sọ nílé. Tí mo bá ní Yorùbá ni, ojú wọn á yí padà, bí ẹni tí ó bá alásè níbi tó ti ń jẹun nílé ẹlòmíì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn àti Èkó, tí ẹ ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, ẹ ò ní ìdí tí àwọn ìyá wọ̀nyí ní. Gẹ̀ẹ́sì wà níta fún ọmọ yín lọ́fẹ̀ẹ́, nínú rédíò, nínú ìwé, lẹ́nu olùkọ́. Àwọn ìyá Kòríà ń ra tiwọn ni. Nílé wa, ẹnu ọ̀nà tí a ti ń bọ́ bàtà ni Gẹ̀ẹ́sì ń dúró sí. Èdè Kòríà ló ń yọ́ wọlé, nítorí ìyá àgbà ìsàlẹ̀, mi ò sì lé e.

Iléèwé tí Akin máa wọ̀ lèmi àti ọkọ mi ò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Oṣù kẹta ni wọ́n ń wọlé ọdún tuntun ní iléèwé Kòríà, ọdún tí ọmọ bá máa pé méje ló sì ń wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí Akin wọ ti ìjọba tó wà nítòsí. Bàbá Akin ní ká padà sí London kí oṣù kẹta tó dé, torí tó bá fi máa di ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwa náà á ti máa sanwó lẹ́sìnnì. Mo ní a ò ní san kọ́bọ̀. Ó rín ẹ̀rín, ó ní ṣé èmi tí owó lẹ́sìnnì ọmọ ọlọ́mọ ń bọ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.