Ogún Ọmọdé Kì Í Ṣeré fún Ogún Ọdún

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo ra fóònù tuntun, mo sì ń kó àwọn nǹkan inú ti àtijọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan eré kan tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo ṣí i wò. Abúlé mi wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo wá tẹ ibi tí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa máa ń wà. Ẹgbẹ́ tó gba àádọ́ta èèyàn, tó kún fọ́fọ́ nígbà kan débi pé àwọn èèyàn ń dúró níta kí àyè kan ṣí sílẹ̀, orúkọ mẹ́ta péré ló kù níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tèmi. Ìkejì náà, tèmi ni, àkáǹtì tí mo ṣí sórí fóònù mìíràn láyé ọjọ́un kí n lè máa ran ara mi lọ́wọ́. Ìkẹta ló mú kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kò mọ eré tí mò ń sọ, Clash of Clans ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ Supercell ní ìlú Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, ló ṣe é. Ọdún 2012 ló jáde fún àwọn tó ń lo iPhone. Oṣù Kẹwàá ọdún 2013 ló dé orí fóònù Android, èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa ará ibí. Ẹni tó bá ń ṣe é yóò tẹ abúlé kan dó, yóò mọ odi yí i ká, yóò wa góòlù, yóò kó ọmọ ogun jọ, yóò sì lọ kó ẹrù abúlé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ ni adùn rẹ̀ wà. Olórí wà, àwọn igbá-kejì wà, àwọn àgbà wà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lásán náà wà. Bí ẹ bá fẹ́ jagun, ẹ lè tọrọ ọmọ ogun lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹni tó bá ní yóò fi ránṣẹ́ sí yín. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti máa bá ara yín sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn tó wà ní yunifásítì ìjọba lọ́dún 2013 kò ní gbàgbé ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ASUU. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ló bẹ̀rẹ̀, kò sì parí títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá. Ọdún kẹta ni mo wà nígbà náà. Mo jókòó sí ilé àwọn òbí mi ní Òṣogbo. Ìwé kò sí, iṣẹ́ kò sí, bàbá mi sì ń wò mí bí ẹni ń wo gbèsè. Inú ìjókòó yẹn ni eré yìí bá mi. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin la kó 40,000 góòlù orí eré sílẹ̀, tí a fi dá ẹgbẹ́ náà. Orúkọ Yorùbá la sọ ọ́, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá nìkan ni kó wọlé. A rò pé a kò ní rí ju mẹ́wàá lọ. Kí ìyanṣẹ́lódì tó parí, a ti lé ní ọgbọ̀n, wọ́n sì ti fi mí ṣe olórí.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n fi ogun láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ kún eré náà. Ọjọ́ kan ni fún ìmúrasílẹ̀, ọjọ́ kan fún ìjà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè kọlu ọ̀tá, ìràwọ̀ mẹ́ta ló sì pọ̀ jù nínú ìkọlù kan. Bí ẹnì kan kò bá lo ìkọlù tirẹ̀, ó ti ṣòfò nìyẹn, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò sì jìyà rẹ̀. A máa ń ra dátà òru nítorí pé ó dín lówó. A ní nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn tó jẹ́ pé ìgbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ló máa ń ráyè jagun. A ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ní Peckham, ní London, tó sọ pé ẹgbẹ́ wa nìkan ni ibi tí òun ti ń rí ẹni bá sọ Yorùbá tó dán mọ́rán láàárín ọ̀sẹ̀. A ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ìyá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìdánwò. Ó lọ yá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jà, ó gba ìràwọ̀ mẹ́ta, ó sì dá fóònù padà. A tún ní ọkùnrin kan tó ń gbé ní Ìlọrin. Orúkọ ẹyẹ kan ló ń jẹ́ lórí eré. Kò sí ẹni tó lawọ́ tó o nínú gbogbo wa. Ẹ kò ní tíì tọrọ ọmọ ogun tán kí tirẹ̀ tó dé, èyí tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì máa ń fi ránṣẹ́.

Mi ò lè tọ́ka sí ọjọ́ kan kí n ní ọjọ́ yìí ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Àwọn kan jáde ilé ẹ̀kọ́, wọ́n di àgùnbánirọ̀, wọ́n gbé wọn lọ síbi tí fóònù kì í ti í fà. Àwọn kan ríṣẹ́, àwọn kan gbéyàwó. Nọ́ọ̀sì wa kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ alẹ́ ibẹ̀ kò sì fún un láyè bíi ti Ìbàdàn. Owó náà ń ko wá lójú. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ogun lọ́dún 2014, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi 160 náírà lọ. Lọ́dún 2024 ó ti kọjá 1,500. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà. Ẹni tó ní láti yan ọ̀kan nínú dátà iṣẹ́ àti dátà eré mọ èyí tí yóò yàn.

Eré náà fúnra rẹ̀ kò kú o. Lọ́dún 2016, Tencent ti ilẹ̀ Ṣáínà kó àwọn olùdókòwò jọ, wọ́n sì ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Supercell ní bílíọ̀nù 8.6 dọ́là. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ṣì ń ṣe é káàkiri àgbáyé. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbòòrò ló ń fi àwọn ará àtijọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ìpele 10 ni gbọ̀ngàn ìlú tó ga jù. Ní òpin ọdún 2024 ó ti di 17. Ẹni tó bá lọ fún ọdún méjì tó padà dé yóò bá abúlé rẹ̀ bí ilé alámọ̀ láàárín ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lọ́dún 2019 pẹ̀lú, wọ́n ti gbàgede tí gbogbo olùṣeré ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ la ti máa ń polówó ẹgbẹ́ wa. Látìgbà náà, àwọn tó ń lọ ń lọ, a kò sì rí ẹni tuntun pè mọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìṣòro orílẹ̀-èdè ló máa ń dá wa padà. Nígbà kónílé-ó-gbélé oṣù Kẹta ọdún 2020, a tún pé ogójì. Nígbà tí ASUU tún da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022, a rí bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ayé bá ti rọ̀ díẹ̀, gbogbo wọn á tún ká.

Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, mo lè rò ó fún ẹnikẹ́ni láìtijú. Ọ̀kan ló kù tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́dún 2017, nígbà tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo rò pé ìwà líle ni yóò gbà á. Mo ṣe òfin pé ẹni tí kò bá lo ìkọlù rẹ̀ nínú ogun mẹ́ta, kó máa lọ. Ará Ìlọrin yẹn pa ogun mẹ́ta jẹ léraléra. Mi ò béèrè ohun tó ṣe é. Mo tẹ orúkọ rẹ̀, mo lé e. Eré náà máa ń jẹ́ kí olórí kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá lé. Mo kọ ọ́ pé: “Ẹni tí kò lè jà, kó yà fún ẹni tó lè jà.” Inú mi dùn sí gbólóhùn náà lọ́jọ́ yẹn.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, ó tọrọ ààyè láti wọlé. Mo gbà á. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni pé: “Ẹ má bínú, ọ̀gá, pé mi ò lè jà nígbà yẹn. Ilé ìwòsàn ni mo wà. Kíndìnrín ni.” Ó ní orí bẹ́ẹ̀dì ni òun ti ka ọ̀rọ̀ mi, pé ọmọ òun àgbà ló di fóònù mú fún òun. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó bí ọmọ méjì, àti pé ọmọ rẹ̀ àgbà ti ń múra láti wọ yunifásítì. Ẹni tó tó bàbá ni mo ti ń pàṣẹ fún bí ẹni ń rán àbúrò níṣẹ́, òun ló sì ń bẹ̀ mí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ọ̀rọ̀, mo fi í ṣe igbá-kejì. Ó bá wa jà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kò wá mọ́.

Òun ni orúkọ kẹta. Nígbà kónílé-ó-gbélé tí gbogbo wọn padà, òun kò padà. Mi ò mọ orúkọ àbísọ rẹ̀. Mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀. Ọdún mẹ́rin la fi bá ara wa sọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, mi ò mọ àdúgbò tó ń gbé.

Ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ alájọ kan lọ́jà. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá dá owó fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ òfin, ẹnì kan á ti dé ilé rẹ̀. Ó lè jẹ́ nítorí ìfẹ́, ó lè jẹ́ nítorí owó wọn. Bó ti wù kó rí, wọ́n á mọ̀ bóyá ó ń ṣàìsàn. Àwa tí a kàwé, tí a ní fóònù tó ń fi ìṣẹ́jú tí èèyàn wọlé kẹ́yìn hàn wá, ìkọlù tí kò lò la kà, a kò ka òun alára.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òótọ́ ni, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó lọ. Ọmọ tó bá kúrò nínú eré ń lọ sílé ni, tàbí síbi iṣẹ́, tàbí sí ẹ̀yìn odi. Ṣùgbọ́n òwe náà kò ní kí àwọn tó kù má béèrè ibi tó gbà lọ.

Lálẹ́ Sátidé yẹn, mo kọ ọ́ sí ibi ìsọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àlàáfíà lẹ wà?” Èsì kò tíì dé. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé ní Ìlọrin bá mọ bàbá ọlọ́mọ méjì kan tí kíndìnrín dá dúbúlẹ̀ lọ́dún 2017, tó máa ń bá àwọn ọmọdé jagun lórí fóònù lóru, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, a kò yọ ọ́.