Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Bàbá Mi Lórí Òṣùwọ̀n

Nígbà tí Bàbá ti ilé ìwòsàn dé ní ọdún tó kọjá, òṣùwọ̀n ni dókítà ní kí a kọ́kọ́ rà. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló fọwọ́ bà á lápá òsì. Ó ti ń rìn, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ já gaara, ṣùgbọ́n kílò 9 ti lọ lára rẹ̀, dókítà sì fẹ́ kí a máa kọ ìwúwo rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo ra òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ kan ní ọjà Tẹ̀júoṣó, mo gbé e sí ẹ̀bá ibùsùn rẹ̀. N kò mọ̀ pé táyà ọkọ̀ ni yóò gun orí rẹ̀ ju Bàbá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Súrùlérè lè ti rí irú ọkọ̀ tí mò ń wí yìí rí. MGB ni, ọkọ̀ kékeré oníjòkòó méjì, asáré-tete, tí wọ́n ṣe ní ìlú Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980. Bàbá ra tirẹ̀ ní ọdún 1971 lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Apá ọ̀tún ni ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà, nítorí apá òsì ojú ọ̀nà ni wọ́n ń rìn ní Nàìjíríà nígbà náà. Kò tíì gbádùn rẹ̀ tó ọdún kan tí ìjọba fi ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti di ojú Bàbá lójú pópó. Bí Bàbá bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ tó wà níwájú, Màmá tó jókòó lápá òsì ni yóò nàgà wo ọ̀nà, tí yóò wí pé, “Ọ̀nà ṣí, ẹ máa lọ.” Àwa ọmọ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé. Láti ìgbà tí Màmá ti papò dà ní ọdún 2016 ni ọkọ̀ náà ti wà lẹ́yìnkùlé, lórí táyà tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá béèrè fún nígbà tí ara rẹ̀ mókun díẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yìí. Dókítà kò kọ̀. Ó ní kó máa wà á díẹ̀díẹ̀ ládùúgbò ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọ̀nà bá dá, kí ẹnìkan ṣáà jókòó tì í. Mẹkáníìkì tún ẹ́ńjìnnì ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ táyà ló wá kù, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, nítorí ọkọ̀ yìí kò ní ẹ̀rọ tí ń ranni lọ́wọ́ láti yí ìtọ́kọ̀. Apá ẹni tó ń wà á ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, apá òsì Bàbá kò sì tíì bọ̀ sípò.

Bàbá kọ́ni ní Físíìsì fún ọdún 31 ní Yábàá, kì í sì í gba ohun tí a kò bá wọ̀n gbọ́. Ó ní ìbú táyà àti bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó ló ń mú ìtọ́kọ̀ le nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ṣùgbọ́n ìwúwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni yóò máa ja ìtọ́kọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí a bá kó sí kòtò. Ó ní ara ọkọ̀ jókòó lórí sípíríǹgì, ṣùgbọ́n táyà àti ríìmù wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń fẹsẹ̀ kọ gbogbo gegele. “Ru kílò méjì lórí, o ó rìn dé Ọjúẹlẹ́gbà. Dè é mọ́ bàtà rẹ, wàá mọ ìyàtọ̀.” Ó tún ní bí ọkọ̀ bá ń gbéra, kílò kan tó wà létí táyà lọ́hùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi kílò méjì, torí pé ẹ́ńjìnnì ní láti tì í síwájú, kó sì tún yí i po. Bíréèkì náà yóò san gbèsè kan náà bí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró.

A tú ríìmù irin ọkọ̀ náà, àkọ́bí mi gbé e dání, ó gun òṣùwọ̀n, a yọ ìwúwo tirẹ̀ kúrò. Ríìmù náà jẹ́ kílò 8 àti ààbọ̀. Mo wá ki òṣùwọ̀n Bàbá bọ àpò, ó di Ládipọ̀ ní Múṣìn.

“Mọ́mì, ṣé ẹja lẹ fẹ́ rà ni?” Báyìí ni wọ́n ṣe kí mi káàbọ̀.

Ọkùnrin àkọ́kọ́ fẹ́ ta táyà dáńfó fún mi, 185R14C, tí wọ́n kọ 8PR sí lára. Ó ní kòtò Èkó kò lè rí i gbé ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kílò 11 ni òun nìkan. Bó bá wọ ríìmù wa, ó di 19 àti ààbọ̀. Ẹnìkejì gbé ríìmù alumíníọ̀mù Honda Accord àtijọ́ kan jáde pẹ̀lú táyà rẹ̀. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ bá ti MGB mu, ó yà mí lẹ́nu, àmọ́ ó máa wọ inú jù, táyà yóò sì máa ha ara ọkọ̀. Èrò mi ni pé alumíníọ̀mù gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju irin lọ. Òṣùwọ̀n ní kílò 17. Ríìmù náà ga, táyà rẹ̀ fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èrè alumíníọ̀mù ṣe bá rọ́bà lọ.

Ìsọ̀ kẹta ni mo ti rí ohun tí mò ń wá: táyà 175/70R14. Tuntun jẹ́ kílò 7 àti ààbọ̀. Tòkunbọ̀ rẹ̀, tó dán gbinrin, kò ju 6 àti díẹ̀ lọ, iye rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti tuntun. Ó fúyẹ́, ó tún pọ́ọ́kú! Mo ra mẹ́rin, mo ń kọrin wálé.

Bàbá kò kọrin. Ó ní kí n ka nọ́ńbà tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT lára táyà náà. Mo kà á: 1411. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2011 nìyẹn. Ó wá béèrè ohun tó mú kí táyà méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba má wúwo bákan náà. Mo dákẹ́. Ó fi èékánná rẹ̀ tọ ojú rọ́bà tó ti pẹlẹ, níbi tí wọ́n ti fi nǹkan dúdú kùn ún. “Ẹran ara rẹ̀ ló ti jẹ tán,” ni ó wí. Ó wo òṣùwọ̀n, ó wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Èmi náà ṣáà ti fúyẹ́.” N kò lè bá a rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́jà náà ní òun kì í gba ọjà padà. Mo gé àwọn táyà náà lábẹ já, kí ẹlòmíràn má baà lò wọ́n, mo sì padà lọ ra tuntun. Bàbá rántí ìgbà tó máa ń ra táyà tí Dunlop ṣe ní Ìkẹjà níhìn-ín. Michelin dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Port Harcourt ní ọdún 2007, kò sì pẹ́ tí Dunlop náà fi tẹ̀ lé e. Ohun tó ń ti òkèèrè wá pẹ̀lú owó dọ́là ni mo rà, ó sì dùn mí lápò. Lórí ríìmù irin wa, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 16 géérégé.

Ní ọjọ́ Àìkú, àkọ́bí mi fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ kún méjì tó wà níwájú. Mo jókòó sí àyè Màmá. Bàbá wa ọkọ̀ jáde jẹ́jẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń ṣe púpọ̀ iṣẹ́ náà, ti òsì kàn ń tẹ̀ lé e. A kó sí kòtò kan nítòsí Adéníran Ògúnsànyà, ìtọ́kọ̀ jà díẹ̀, kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì kan tó dúró ń kó èrò, Bàbá dẹ ẹsẹ̀, ó ń dúró. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ń retí. Mo nàgà, mo wo iwájú.

“Ọ̀nà ṣí, Bàbá. Ẹ máa lọ.”