Ẹ̀rọ Tí Ojú Rẹ̀ Ṣókùnkùn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò bu ọlá fún wa rárá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá ń fi kìkì ibi tí ó ti ṣe dáadáa kọ́ni, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì pé.

Ní ọdún 2022, a ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan fún ilé-kéwú wa lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tajà nítòsí mọ́sálásí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ọwọ́ kọ ìbéèrè ìdánwò ní èdè Lárúbáwá, tí a ń gbé e lọ ṣe ẹ̀dà, tí àwọn ọmọ kì í sì í rí àmì orí lẹ́tà àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kà dáadáa. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ níṣojú wa nínú ìsọ̀. Ọmọkùnrin náà kò sì fi pamọ́ fún wa pé Windows tí ó wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀. A wí nínú ọkàn wa pé kò yẹ kí a máa fi ohun jíjí ṣe iṣẹ́ ilé-kéwú.

Ọmọbìnrin wa, tí ó ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gbé Debian sínú fláàṣì fún wa. Debian jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, tí gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti lò láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ náà padà sí ilé-ẹ̀kọ́, àwa fúnra wa ni a sì fi í sínú ẹ̀rọ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí a parí, tí a pa ẹ̀rọ, tí a tún un tàn, ọ̀rọ̀ funfun sáré kọjá, lẹ́yìn náà ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn biribiri. Iná rẹ̀ ń tàn, fáànù inú rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun lójú rẹ̀. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, pàbó ni. Ìdánwò sì ku ọjọ́ mẹ́rin.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ kejì, a pe ọmọkùnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ohùn wa kò dúró sí ẹ̀gbẹ́. A sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé òkú ẹ̀rọ ni ó tà fún wa, pé kò bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ó ní, "Àfáà, ṣebí ó ṣiṣẹ́ níṣojú yín." A kò dá a lóhùn. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sorí kọ́. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọbìnrin wa dé. A ro ẹjọ́ fún un. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ̀rọ náà kọ."

A ní, "Kí ni ó kọ? Ṣé o kò rí i pé dúdú ni?"

Ó di Ctrl àti Alt mú, ó tẹ F2. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́tà funfun yọ, ó ń béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹ̀rọ tí a ti pè ní òkú ń kí wa.

Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí wàláà rí yóò mọ àlàyé tí ó ṣe fún wa. Nínú Debian tiwa yìí, àwọn ètò tí a ń lò kì í fúnra wọn kọ nǹkan sójú ẹ̀rọ. Ètò kan tí ń jẹ́ X ni ó di wàláà mú. Ètò tí a fi ń tẹ̀wé yóò sọ fún X pé kí ó fa ilà síhìn-ín, kí ó kọ lẹ́tà sọ́hùn-ún, X yóò sì ṣe é. Robert Scheifler àti Jim Gettys ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1984. X11, tí ó jáde ní 1987, ni èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ wa. Ṣùgbọ́n X nílò ọwọ́ tí yóò fi kọ̀wé, ọwọ́ náà sì ni káàdì àwòrán.

Ó ṣí fáìlì kan fún wa, /var/log/Xorg.0.log. Ibẹ̀ ni X máa ń kọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ bá rí sí. Ìlà tí ó bá ní (EE) níwájú ni àṣìṣe. A rí i níbẹ̀ kedere pé X kò rí ojú kankan tí yóò kọ̀wé sí. Ó tẹ dmesg, ìdí rẹ̀ sì yọ: káàdì Radeon inú ẹ̀rọ ń wá fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní firmware, èyí tí a gbọ́dọ̀ gbé sínú rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá jí. Kò rí i. Àwọn tí ó ṣe Debian kì í fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sínú àkójọ wọn nígbà náà, nítorí pé ẹni tí ó ṣe é kò jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn yẹ inú rẹ̀ wò. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ sí apá tí ń jẹ́ non-free. Kì í ṣe ohun jíjí o: ẹni tí ó ni ín fọwọ́ sí i kí a máa pín in lọ́fẹ̀ẹ́.

A so fóònù mọ́ ẹ̀rọ kí ó lè rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà fi non-free kún /etc/apt/sources.list, ó tẹ apt update, ó tẹ apt install firmware-amd-graphics. A tún ẹ̀rọ tàn, ojú rẹ̀ sì là.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí lẹ́tà funfun orí dúdú yẹn kò fi tó wa. Kò lè tó. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kò gbà ju àwòrán lẹ́tà 512 lọ, kì í so lẹ́tà Lárúbáwá pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í kọ ọ́ láti ọ̀tún wá sí òsì. Lọ́dọ̀ X, àṣẹ kan péré, setxkbmap -layout us,ara -option grp:alt_shift_toggle, ni ó jẹ́ kí a máa fi Alt àti Shift bọ́ láti èdè kan sí èkejì. A fi fọ́ǹtì Amiri kún un, iṣẹ́ Khaled Hosny ará Íjíbítì, tí ó tẹ̀ lé lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé Bulaq ní Cairo. Nígbà tí lẹ́tà 'ayn di ọwọ́ èkejì rẹ̀ mú lójú ẹ̀rọ, omi bọ́ lójú wa. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ ka ìbéèrè wọn láìbi wá pé àmì wo nìyí.

Láti ọdún 2023 ni Debian 12 ti ń gbé firmware wá fúnra rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, Wayland, tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ X. Síbẹ̀ ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ojú ẹ̀rọ bá ṣókùnkùn, ẹ má sọ pé ó kú. Ẹ wá ibi tí ó kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí, kí ẹ kà á.

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnikẹ́ni kí a tó dájọ́. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sura Al-Hujurat, tí ó kìlọ̀ fún wa pé kí a máa wádìí, kí a sì jìnnà sí àbá búburú. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ láti kàwé ni ìwé wà níwájú wa tí a kò kà.

Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ibi tí a ti bú ọmọkùnrin náà ni a ti bẹ̀ ẹ́, níṣojú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Àfáà, ó ti tán." Bàbá rẹ̀ gbà wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ ti lọ ra ẹ̀rọ tirẹ̀ níbòmíràn. A ti tọ̀ ọ́ lọ nílé, a ti ṣàlàyé fún un. Kí Ọlọ́hun forí jì wá.