Báàgì Tó Ṣeé Tú

Báàgì tí kò bá ṣeé tú, n kì í rà á, bó ti wù kí orúkọ tó wà lára rẹ̀ lókìkí tó. Òfin òwò mi nìyẹn, òun náà ni mo sì fi ń yan èyí tí n óò pa mọ́ fún ara mi. Súrùlérè ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ń ra báàgì olórúkọ ńlá tó ti gbó, mo ń tún un ṣe, mo ń tà á. Àwọn tí ọkàn mi kò gbà láti tà wà nínú yàrá kan nílé, ọkọ mi kò sì bi mí mọ́ ìgbà tí wọn yóò kúrò níbẹ̀.

Oníbàárà tuntun á wọlé, á gbé báàgì sórí tábìlì, á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ojúlówó ni?" Mi ò ní dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. N óò kọ́kọ́ kó ohun inú rẹ̀ síta, n óò ki ọwọ́ bọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, n óò wo ibi tí awọ méjì ti pàdé. Ṣé òwú ló so wọ́n pọ̀ àbí gọ́ọ̀mù lásán? Ṣé ẹni tó ṣe é tilẹ̀ rò ó pé ẹnìkan á tún tú u lọ́jọ́ iwájú? Tí mo bá ti rí ìdáhùn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ojúlówó àti ayédèrú kì í pẹ́ yanjú.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, nílé oníṣọ̀nà. Awọ ni bàbá mi àgbà fi jẹun, awọ ni bàbá mi náà fi rán wa níléèwé. Tìmùtìmù ni wọ́n ń ṣe jù, ṣùgbọ́n wọ́n ń rán àkọ̀ ọ̀bẹ, àpò àgbékọ́ èjìká, àti làbà fún àwọn oníṣàngó. Ẹni tí kò bá tíì rí làbà rí, báàgì ńlá onígun mẹ́rin ni, awọ pupa ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ojú rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́rin, àrà kan náà tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtẹ́ẹ́rẹ́ awọ á máa fì nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó gbé e kọ́ èjìká ṣe ń rìn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹdùn àrá sí. Wọ́n ti gbé púpọ̀ nínú àwọn làbà náà lọ sí mùsíọ́ọ̀mù òyìnbó báyìí.

Awọ pupa yẹn, òkè Ọya ló ti ń wá. Ewúrẹ́ pupa Sókótó ló ni ín, pòròpórò ọkà bàbà ni àwọn aláwọ Kánò sì fi ń sọ ọ́ di pupa. Láyé ìgbà tí ràkúnmí ń ru ẹrù, irú awọ yìí kan náà ló ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí àríwá, àwọn ará Yúróòpù tó ń rà á níbẹ̀ sì ń pè é ní awọ Mòrókò. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òyìnbó ló fi báàgì awọ hàn wá, mo máa ń ní kó fa àga jókòó ná.

Òwò tí mo bá nílẹ̀ nígbà tí mo dé Èkó yàtọ̀. Bàtà àti báàgì Ítálì ló gbòde nígbà náà: awọ kan náà, àwọ̀ kan náà, inú páálí kan náà. Ìyá ìyàwó wo ló máa lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kí báàgì má bá bàtà mu, kí méjèèjì má sì bá gèlè mu? Àwọn ìyá oníṣòwò ń wọ bàálù lọ sí Ítálì fúnra wọn láti lọ kó o. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó ṣe é. Tí wọ́n bá ti ní "Ítálì ni", ó parí. Ìgbà tí Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, tí ó wá wà lọ́wọ́ tolówó tòtòṣì, ni àwọn olówó wá ohun mìíràn tí wọn yóò fi yàtọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Vuitton, Gucci, Chanel àti Hermès gbà wọ òwàḿbẹ̀ wa.

Èmi kò lówó bàálù. Ọjà Kàtàńgúà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ní apá Abúlé Ẹ̀gbá. Ìjọba fòfin de kíkó aṣọ àlòkù wọ̀lú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀lì ń gba Kùtọnu wọlé, gbogbo ayé ló sì mọ̀. Tí wọ́n bá gé okùn bẹ́ẹ̀lì báàgì, àwọn báàgì tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ á máa wú sókè díẹ̀díẹ̀, òórùn kọ́bọ́ọ̀dù òyìnbó á tú jáde, pàǹtí bébà ọkọ̀ ojú irin Lọ́ńdọ̀nù á sì máa já bọ́ láti inú wọn. Ìyá oníbẹ́ẹ̀lì kò mọ orúkọ kankan nígbà yẹn. Síìpù ló ń wò. Tí síìpù bá ṣiṣẹ́, ẹ san owó gidi. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e lọ. Síìpù tó ti kú ló fún mi ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ní yàrá mi. Fóònù ló ba ọjà yẹn jẹ́ fún irú wa. Lónìí, kí n tó kúnlẹ̀ kí ìyá, ọmọ rẹ̀ ti ya fọ́tò báàgì náà, ó ti rí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, ó sì ti fi nǹkan lé e.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀lì rán mi létí báàgì tí à ń pè ní Ghana Must Go. Lóṣù kìíní ọdún 1983 ni ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò nílùú, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì ọ̀rá onílà yẹn ni wọ́n di ẹrù wọn sí. Nígbà tí Marc Jacobs wà ní Louis Vuitton, ó mú irú ìlà yẹn gan-an jáde nínú ọjà ọdún 2007, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ lára rẹ̀, iye rẹ̀ sì kọjá ohun tó ṣeé sọ létí ẹni tó ń fi ti ọjà Mile 12 ru gààrí. Mi ò ní ọ̀kan nínú àkójọ mi. Mi ò wá a, nítorí pé ti Mile 12 ń gba ẹrù jù ú lọ.

Báàgì tó kọ́ mi níṣẹ́ jù lọ ni Kelly àtijọ́ kan, báàgì Hermès, tí oníbàárà jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló já. Ọwọ́ mi ti mọ irin ẹnu ṣóńṣó tí a fi ń lu awọ láti kékeré, síbẹ̀ mo fi odindi àárọ̀ wo bí wọ́n ṣe rán báàgì yẹn kí n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Òwú kan ṣoṣo ni, òwú ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fi ìda oyin pa, abẹ́rẹ́ sì wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Irin á lu ihò, abẹ́rẹ́ ọ̀tún á gba ibẹ̀ kọjá, ti òsì á gba inú ihò kan náà padà, wọn á fà á le. Tí òwú bá já lójú kan, èyí tó gba òdì kejì ṣì di awọ mú. Rírán ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀: òwú òkè àti tìsàlẹ̀ kàn kọ́ ara wọn lọ́rùn ni, tí ọ̀kan bá já, tí o sì fà á, gbogbo rẹ̀ lè máa tú lọ.

Ẹṣin ló fa irú rírán bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Thierry Hermès bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Paris lọ́dún 1837, ìjánu àti okùn ẹṣin akẹ́rù ló ń ṣe; gàárì wá tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Okùn ìjánu tó bá já lórí eré, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ìgbà tí mọ́tò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin, ọwọ́ tó ń rán gàárì ló bẹ̀rẹ̀ sí í rán báàgì. Ìtàn àwọn obìnrin olókìkí wá bò ó mọ́lẹ̀: Grace Kelly, òṣèré tó fẹ́ ọba Monaco ní 1956, tí ilé-iṣẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe báàgì náà ní 1977, Jane Birkin, tó jókòó ti Jean-Louis Dumas, ọ̀gá Hermès, nínú bàálù láti Paris sí Lọ́ńdọ̀nù, tó ń ráhùn pé òun kò rí báàgì tó gba ẹrù ìyá ọlọ́mọ, tí Birkin sì jáde ní 1984.

Birkin àkọ́kọ́, èyí tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ lò, ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní Sotheby's ti Paris ní oṣù keje ọdún 2025, ní mílíọ̀nù 8.6 owó yúrò. Ẹ wo fọ́tò rẹ̀. Ó họ, ó gbó, àpá bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn ṣì hàn, ohun tí ó fi ń gé èékánná sì so mọ́ ọn. Mo mọ àwọn kan ní Lẹ́kí tí tiwọn kò tíì rí oòrùn rí.

Vuitton ni wọ́n ń gbé wá jù. Ó máa ń ya oníbàárà lẹ́nu tí mo bá ní èyí tó ní òdòdó àti lẹ́tà LV yẹn kì í ṣe awọ. Kánfáásì ni, tí wọ́n fi ọ̀rá bò lójú. Georges Vuitton ló gbé àrà náà jáde ní 1896, lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1854, ara ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn aláfarawé kò jẹ́ kí wọ́n rímú mí. Lónìí, kò sí ọjà tí o dé l'Ékòó tí o kò ní bá àrà yẹn, lára sálúbàtà, lára fìlà, títí dé ìborí àga kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ibi tí awọ wà lára rẹ̀ ni ọwọ́ àti etí rẹ̀, awọ màlúù tí wọn kò kun ní nǹkankan. Tuntun rẹ̀ ń rí bí ẹ̀kọ mímu. Oòrùn àti ọ̀rá ọwọ́ ènìyàn á sọ ọ́ di àwọ̀ oyin, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún á di búráùn. Ooru Èkó àti ìpara ọwọ́ máa ń tètè sọ ọ́ di dúdú. Ojú ibí yìí ni èmi àti àwọn oníbàárà ti máa ń jà, nítorí "tíà-rọ́bà", tuntun gbáko, ni wọ́n fẹ́, wọ́n á ní kí n fọ̀ ọ́. Awọ tí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo máa ń dá àpá sí lára, ta ni yóò fọ̀ ọ́?

Speedy, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1930, ni mo fẹ́ràn láti tú. Lára Speedy Monogram, kánfáásì kan ṣoṣo ló ti iwájú lọ, tó gba ìdí, tó gòkè ẹ̀yìn. Nítorí náà, tí lẹ́tà bá dúró dáadáa níwájú, ó gbọ́dọ̀ dorí kodò lẹ́yìn. Obìnrin kan gbé tirẹ̀ wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìkómọ pé ayédèrú ló rà, pé ta ló ń kọ orúkọ ara rẹ̀ lódì? Mo yí ìdí báàgì náà sí i, mo ní kó wá ojú rírán níbẹ̀. Kò rí i. Ayédèrú tó fẹ́ gbọ́n jù ló máa ń rán ìdí rẹ̀ pọ̀ kí lẹ́tà lè dúró lójú méjèèjì.

Mi ò gbára lé nọ́ńbà púpọ̀ láti mọ ojúlówó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Vuitton ti ń tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà sínú báàgì, Chanel ń lo sítíkà ní tirẹ̀. Ní 2021, àwọn méjèèjì fi chip kékeré rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú máa ń tètè kọ́ nọ́ńbà ju rírán lọ, torí nọ́ńbà kò náwó.

Àwọn tí n kì í rà ńkọ́? Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe láàárín 1980 sí 1999, olórúkọ ńlá ni wọ́n, ọ̀rá rírọ̀ ni wọ́n sì fi bo àpò inú wọn. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ń jẹ ọ̀rá yẹn lábẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ Èkó ò sì sí láìní ọ̀rinrin. Ìta báàgì á máa dán, ṣùgbọ́n tí o bá ki ọwọ́ bọ àpò inú, á fà mọ́ ọ lọ́wọ́, náírà á lẹ̀ mọ́ ọn, èérún dúdú á bá fóònù rẹ jáde. Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n rán àpò náà lọ́tọ̀ ni, mo lè tú ìdí rẹ̀, kí n gé e kúrò, kí n fi aṣọ tuntun sí i. Tí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn awọ, awọ á bá a ya. Irú èyí, mo máa ń dá a padà fún ẹni tó gbé e wá, kódà bó jẹ́ ọ̀fẹ́. Oníbàárà kan ní kí n fi àdìrẹ ṣe inú tirẹ̀, mo sì ṣe é. Ẹni tó bá rà á l'Ékòó á fi owó kún un. Ti Lọ́ńdọ̀nù á yọ owó kúrò. Èmi mọ èyí tí mo fẹ́ràn.

Àwọn tó ń kó báàgì jọ bíi tèmi, ọ̀dá àti òjò ni ọ̀tá wọn. Lákòókò òjò, báàgì tí wọ́n wé sínú ọ̀rá á hu funfun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọyẹ́ á dé, awọ á gan. Àpò ìrọ̀rí àtijọ́ sàn ju ọ̀rá lọ. Aṣọ gbígbó ni kí wọ́n fi kún inú rẹ̀, kì í ṣe ìwé ìròyìn, nítorí dúdú ìwé máa ń wọ awọ dídán, kì í sì í jáde mọ́. Kí wọ́n sì máa gbé e jáde. Awọ tí ọwọ́ ń kàn kì í tètè gan.

Tí mo bá tú èyí tó ní chip, ibi tí mo ti bá a ni mo máa ń dá a padà sí. Ṣùgbọ́n chip kò mọ̀ pé ọwọ́ báàgì náà ti yí padà, tàbí pé aṣọ inú rẹ̀ ti di tuntun. Nítorí náà, mo ń kọ ọ́ sínú bébà: ohun tí mo yọ, ohun tí mo fi dípò, oṣù àti ọdún. N óò ká a sínú àpò inú. Àwọn tó ń ra báàgì fún ara wọn kì í janpata. Àwọn tó fẹ́ lọ tún un tà ló máa ń ní, "Àǹtí, ẹ bá mi yọ bébà yìí." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ọwọ́ tiwọn náà kò rọ.