Pípààrọ̀ Táyà Ọkọ̀ Lójú Ọ̀nà

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti bá ẹni tí ń lọ sí òde ijó mu, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó bá awakọ̀ mu. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò láàárín ìgboro kò ní ìṣòro púpọ̀. Fọkanáísà kò ní ṣàìwà lábẹ́ igi kan nítòsí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó fi ń fẹ́ atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí i ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní ibi tí kò sí ilé tí kò sí ọjà, tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé sì ń kọjá bí ìjì, ohun tí ó bá gbé jáde láti ilé nìkan ni ó lè ràn án lọ́wọ́.

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í gbé ẹsẹ̀ karùn-ún rìn. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop gba ìwé àṣẹ lórí táyà onífẹ́ẹ́fẹ́ tí ó ṣe ní ìlú Belfast. Táyà yìí mú kí ìrìn tura, ṣùgbọ́n ìṣó kékeré kan tó láti dá ọlọ́kọ̀ dúró, kí ó sì jókòó ti ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó tú rọ́bà kúrò lára irin, kí ó lẹ̀ ẹ́, kí ó sì máa fi ọwọ́ fẹ́ ẹ títí òógùn yóò fi bò ó. Ní 1904 ni Thomas Morris Davies, ará Llanelli ní ilẹ̀ Wales, ronú kan ẹsẹ̀ ìpààrọ̀ tí ó ti ní afẹ́fẹ́ nínú tẹ́lẹ̀. Òpópónà Stepney ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, orúkọ òpópónà náà ni a sì fi pe ohun tí ó ṣe. Títí di òní, Stepney ni àwọn ará Íńdíà ń pe táyà ìpààrọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, sípíà ni a ń pè é. Àwọn irinṣẹ́ tí ń bá a rìn kò pọ̀: jáàkì tí ń gbé ọkọ̀ sókè, sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mu, àmì onígun mẹ́ta pupa tí ń tan ìmọ́lẹ̀ padà bí iná ọkọ̀ bá kàn án, tọ́ọ̀ṣì fún òru, pákó pẹlẹbẹ kan, àti igi kúkúrú méjì tí a ó fi há táyà. Ọ̀nà kì í dí mọ́ aládàá, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí àdá náà bá mú. Awakọ̀ mélòó ni ó ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ lójú ọ̀nà, tí ó bá sípíà tí ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ àná! Afẹ́fẹ́ a máa dín díẹ̀díẹ̀ nínú táyà tí ó jókòó sójú kan, bí kò tilẹ̀ ní ihò. Nítorí náà, ọjọ́ tí a bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí mẹ́rin tí ń bẹ nílẹ̀ ni kí a fẹ́ sí ìkarùn-ún pẹ̀lú. Táyà a sì máa gbó láìrìn. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà tí a tẹ̀ sí ìhà rẹ̀ tí ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: bí ó bá jẹ́ 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 ni a ṣe é. Ẹni tí ó ra táyà tòkunbọ̀ láìwo nọ́ńbà yìí, dídán ojú rẹ̀ nìkan ni ó rà. Àwọn ọkọ̀ kan sì wà tí nọ́ọ̀tì kan lára ẹsẹ̀ wọn ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nítorí olè. Kọ́kọ́rọ́ náà a sì máa sùn sílé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ní Ògèrè.

Bí táyà bá bẹ́ lórí eré, kí awakọ̀ má ṣe tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì. Kí ó di sítíárìn mú gírígírí, kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ọkọ̀ rọra dín eré kù. Lẹ́yìn èyí, kí ó rọra wà á lọ sí ibi tí ó tẹ́jú, tí ilẹ̀ rẹ̀ le, tí ó sì jìnnà sí títì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fẹ́ ṣe èyí, nítorí wọn kò fẹ́ kí táyà bàjẹ́ tán. Owó ni a fi ń ra táyà. Kò sí ọjà tí a ti ń ra ẹ̀mí. Láti 1972 tí a ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà, ẹni tí ń pààrọ̀ táyà apá òsì, títì ni ó kọ ẹ̀yìn sí. Bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bá há, kí ó tún sún síwájú. Kí ó tan iná tí ń ṣẹ́jú, kí ó gbé àmì pupa sí ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn ọkọ̀, kí àwọn èrò sì bọ́ sílẹ̀ sí ìhà igbó, kí wọn má ṣe dúró sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ jáàkì ni ó gba sùúrù jù. Bíréèkì ọwọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ó ń dì mú. Bí a bá wá gbé ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, ẹyọ kan péré ni ó kù tí ó di ilẹ̀ mú. Ìdí nìyí tí a fi ń fi igi há táyà tí ó wà ní igun kejì, níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra nílẹ̀ ni a ti ń tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, nítorí bí ó bá ti wà lókè, ẹsẹ̀ yóò máa yí tẹ̀lé sípánà, agbára tí a sì ń lò lè ti ọkọ̀ ṣubú kúrò lórí jáàkì. Abẹ́ ọkọ̀ ní ibi tí a ṣe fún jáàkì ni a ń gbé e sí, kì í ṣe ibikíbi. Pákó ni a sì ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá rọ̀. Àwọn tí ó gbọ́n a máa ti sípíà sábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yọ táyà tí ó jò, pé bí jáàkì bá yẹ̀, orí rọ́bà ni ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀ sí. Ènìyàn kò gbọdọ̀ ti orí tàbí ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, ì báà ṣe láti mú nọ́ọ̀tì tí ó yí lọ.

Nígbà tí sípíà bá ti wọlé, ọwọ́ ni a kọ́kọ́ fi ń dé nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá balẹ̀ ni a ó fi sípánà fún un, láti orí ọ̀kan sí èyí tí ó dojú kọ ọ́, kí ẹsẹ̀ lè jókòó dọ́gba. Àwọn kan a máa gun sípánà fò bí ẹni ń jó. Àṣejù ni, a máa já irin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti rìn tó 50 sí 100 kílómítà, kí a tún fún wọn wò. Sípíà tí ó tín-ín-rín ju ìyókù lọ kò gbọdọ̀ sáré ju 80 kílómítà ní wákàtí kan.

Ohun kan wà tí ó burú lójú ọ̀nà wa. Awakọ̀ tí kò ní àmì pupa a ṣẹ́ ẹ̀ka igi tútù, a tò ó sí títì kí àwọn ẹlòmíràn lè mọ̀. Èyí dára púpọ̀ ju àìsí ohunkóhun lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣe tán, a wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ, a fi ẹ̀ka sílẹ̀, a sì fi òkúta tí ó fi há táyà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ a ṣú. Ọlọ́kàdà kan tí ń bọ̀ láti oko, tí iná alùpùpù rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, a sáré gun òkúta náà. Ẹni tí ó fi òkúta sílẹ̀ ti dé ilé ní àkókò yìí, ó ń jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì ní gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láéláé. Ìṣẹ́jú kan kò pé láti yí òkúta méjì sí gọ́tà.

Táyà tí ó jò ti wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ báyìí, ọkọ̀ náà kò sì ní sípíà mọ́. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà àkọ́kọ́ tí ó bá kàn ni kí awakọ̀ yà sí, kí ó tó máa bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ.