Kí ẹ tó kígbe "gbàgáun"

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Thread yìí máa gùn o, ṣùgbọ́n ó máa wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ní ìyá, àǹtí tàbí àbúrò tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.

Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i níbí. Ẹnì kan á kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ́jẹ́, "s" kan á bọ́ síbi tí kò yẹ, kíá, èrò á ti pé sábẹ́ ẹ̀: "Gbàgáun!" Bíi pé ìkòkò irin já lulẹ̀ nínú kíṣìnì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀pọ̀ gbàgáun yẹn, Yorùbá tó dán mọ́rán ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ò ya òpè. Gírámà ló ń tẹ̀ lé, àmọ́ gírámà ilé ni.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń kọ́ àǹtí mi ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́. Télọ̀ ni wọ́n. Wọ́n á kàn wo èèyàn lókè-nílẹ̀ báyìí, wọ́n á sọ iye yáàdì tó máa gbà, kò ní lé, kò ní dín. Praimárì mẹ́ta péré ni wọ́n kà. Tẹ́lẹ̀, ìyẹn ò dí wọn lọ́wọ́, torí ẹnu ni kọ́sítọ́mà fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ní báyìí, WhatsApp ni gbogbo ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni kọ́sítọ́mà ń kọ.

Ohun tó mú wọn wá bá mi rèé. Obìnrin kan gbé aṣọ ẹbí wá, Sátidé ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Ní Tọ́sìdé, ó kọ̀wé: "Is it ready?" Àǹtí mi dá a lóhùn: "No come tomorrow".

Ẹ tún un kà.

Ohun tí àǹtí mi ní lọ́kàn ni, "Rárá, ẹ wá lọ́la." Ohun tí obìnrin yẹn kà ni Pidgin: ẹ má wàá lọ́la. Àǹtí mi parí aṣọ yẹn ní Fúráìdè, wọ́n jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Òde kọjá, aṣọ mìíràn ni obìnrin yẹn wọ̀ lọ. Ní Sọ́ńdè ó wá gbé aṣọ ẹ̀, kò san owó tó kù, kò sì padà wá mọ́, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ tó mú wá.

Kọ́mà kan ṣoṣo. "No, come tomorrow."

Ìdí nìyẹn tí a ò fi bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D. Kọ́mà la fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, tí ẹ bá ti kọ 'No' tàbí 'Yes', ẹ mí díẹ̀. Mímí yẹn ni kọ́mà." Tí ọ̀rọ̀ bá parí, ẹ fi full stop dè é, bí ẹ ṣe ń ta kókó sí ìdí òwú kó má baà tú. Èyí wọlé sí wọn lára ní kíá.

Àmì ìbéèrè ló tẹ̀ lé e. Ní Yorùbá, "ṣé" tàbí "ǹjẹ́" ti máa ń sọ fúnni láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìbéèrè ń bọ̀. "Ẹ ti sanwó." "Ṣé ẹ ti sanwó?" Kódà ká yọ àmì yẹn kúrò, ó ṣì yé wa. Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ṣé". Ṣe ni wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ padà: "You have paid" á di "Have you paid?" Àǹtí mi ò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Nígbà kan tí wọ́n fẹ́ bi kọ́sítọ́mà bóyá ó ti sanwó, "You have paid" ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ìyẹn ní "Thank you ma". Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀! 😭

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ "ó". "Ó ti dé." Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ewúrẹ́ ni àbí mọ́tò? Yorùbá ò bìkítà, "ó" ti tó. Nítorí náà, tí ìyá yín bá ní "My husband, she has travelled", wọn ò gbàgbé pé ọkùnrin ni ọkọ wọn jàre. Èdè wọn ò fìgbà kankan bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn rí ni.

"They" náà nìyẹn. Ṣé ẹ rí i bí mo ṣe ń pe àǹtí mi ní "wọ́n" látòkè? Èèyàn kan péré ni wọ́n o. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé "she" ni wọ́n máa ń pe ìyá kọ́sítọ́mà, pé "you" kan náà ni ti ọmọdé àti àgbà, inú wọn ò dùn sí i rárá. "Ibo ni wọ́n wá gbé ọ̀wọ̀ sí?" Mo ní ẹ fi "please" àti "ma" kún un. Wọ́n tún wá rí i pé lẹ́tà ńlá ni "I" nígbà gbogbo, "you" sì kéré. Ẹ̀rín pa wọ́n. "Ara wọn nìkan ni wọ́n ń gbé ga!"

Lọ́jọ́ tí a dé orí "s", mo kọ ọ́ báyìí:

The girl sews.
The girls sew.

Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé 's' kan ṣoṣo ni wọ́n ní ni? Tí èyí bá ti mú un, ìyẹn ò ní rí i mú." Ẹ gbọ́, gbogbo ọdún tí mo lò nílé ìwé, kò sí tíṣà tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Kò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo ṣá o: "children" àti "women" ò nílò "s" kankan, bẹ́ẹ̀ ni "I" àti "you" kì í fún ọ̀rọ̀-ìṣe ní "s". Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè dì í mú ná.

"I sew it yesterday" ni gbàgáun tí wọ́n máa ń fi jẹ́ni lójú jù. Ẹ jẹ́ ká tú u wò. "Mo rán an": ó ti kọjá, àbí? "Mò ń rán an", "mo ti rán an", "màá rán an": "rán" ò kúrò lójú kan, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké iwájú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń tún rán: sew, sewed, sewn. Èyí tí àǹtí mi fẹ́ràn jù ni "cut", torí kì í yí padà: cut, cut, cut. "Èyí gbọ́ Yorùbá," wọ́n ní.

Nílé ìwé tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá máa sanwó ìtanràn. Bẹ́ẹ̀, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praimárì kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ọmọ iṣẹ́ àǹtí mi ti dara pọ̀ mọ́ wa báyìí. JAMB ló fẹ́ ṣe. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù jẹ́ 40, 40. Kò sì sẹ́ni tó lè sá fún Gẹ̀ẹ́sì yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, "a", "an" àti "the" ló kàn. Yorùbá ò ní irú wọn. "Mo ra ẹ̀rọ" ti tó fún wa, àmọ́ "I bought machine" máa mú kí wọ́n kígbe. Èyí tó sún mọ́ "the" jù ni "náà", kò sì bá a mu tán. Tí ẹ bá ní àpẹẹrẹ tó máa yé télọ̀, ẹ jù ú sísàlẹ̀. Mo nílò ẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè.